Ẹ̀dà síídì géèmù: Báwo ni ọ̀rọ̀ PlayStation ṣe dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Australia?

Tí èèyàn bá ra ìwé, kò sí ẹni tó máa bi í léèrè ibi tó ti fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ síídì géèmù kò rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe géèmù àti àwọn tó ń rà á ti ń jà lórí ìbéèrè kan: ṣé ẹni tó fi owó rẹ̀ ra síídì lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, nítorí ọjọ́ tí ojúlówó bá bàjẹ́?

Ọjọ́ náà kì í pẹ́ dé. Bí ọmọdé bá wọ́ síídì nílẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ha, géèmù lè dá dúró láìtíì parí.

Kí ni Sony fi ti ilẹ̀kùn?

PlayStation jáde ní Japan lọ́jọ́ kẹta, oṣù Kejìlá, ọdún 1994. Ṣáájú ìgbà náà, inú kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ géèmù Nintendo àti Sega máa ń wà. Síídì kò wọ́n láti ṣe tó kásẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gba nǹkan púpọ̀ jù ú lọ. Àmọ́ kò pẹ́ tí ẹ̀rọ tó ń kọ nǹkan sórí síídì òfìfo fi wọ́pọ̀ lára kọ̀ǹpútà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọ̀ dúdú abẹ́ síídì PlayStation ni kì í jẹ́ kí ẹ̀dà rẹ̀ ṣiṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà lè ka síídì dúdú náà. Ẹ̀bá ihò àárín síídì ni àgádágodo gidi wà. Níbẹ̀, ojú ọ̀nà tí ìtànṣán ẹ̀rọ ń tọ̀ kò lọ tààrà, ó ń mì díẹ̀díẹ̀. Mímì náà ló ń sọ lẹ́tà mẹ́rin fún ẹ̀rọ: SCEI fún Japan, SCEA fún Amẹ́ríkà, SCEE fún Yúróòpù.

Ẹ̀rọ inú ilé kò lè kọ irú mímì bẹ́ẹ̀ sórí síídì òfìfo. Bí PlayStation kò bá sì rí lẹ́tà tó ń wá, kò ní ṣí géèmù náà.

Kì í ṣe ẹ̀dà nìkan ni ọgbọ́n yìí dí lọ́nà. Ojúlówó síídì tí wọ́n rà ní New York kò ní ṣiṣẹ́ nínú PlayStation tí wọ́n rà ní London.

Chip kékeré tó ń dáhùn fún síídì

Àwọn kan kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ ṣe é. Wọ́n á fi nǹkan tẹ bọ́tìnnì ìdérí mọ́lẹ̀ kí ẹ̀rọ lè rò pé òun ṣì wà ní pípadé, ojúlówó á kọjá àyẹ̀wò, wọ́n á sì yára fi ẹ̀dà pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe chip tí wọ́n ń fi òjé jó mọ́ inú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa pe lẹ́tà mẹ́rin náà fún PlayStation, yálà síídì ní i tàbí kò ní i. Ní Nàìjíríà, PlayStation irú èyí wọ́pọ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń sanwó ta géèmù bọ́ọ̀lù.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti díjú. Chip náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń tọ́jú síídì ara rẹ̀ àti ẹni tó ń ta ayédèrú. Ilẹ̀kùn tó ṣí fún onílé ti ṣí fún olè náà. Àwọn iléeṣẹ́ sì ní ìdí tí wọ́n fi bínú: nínú títà ni ẹni tó ṣe géèmù ti ń jẹun.

Ẹjọ́ Stevens àti Sony

Ní Australia, Sony pe Eddy Stevens, ọkùnrin ará Sydney kan tó ń ta chip, tó sì ń fi í sínú ẹ̀rọ, lẹ́jọ́. Lórí ọ̀rọ̀ chip náà, Stevens jàre lọ́dún 2002. Sony pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, òun náà sì jàre lọ́dún 2003.

Lọ́jọ́ kẹfà, oṣù Kẹwàá, ọdún 2005, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní orílẹ̀èdè náà dá Stevens láre. Ohun tí òfin ìgbà náà dáàbò bò ni àgádágodo tó ń dènà ṣíṣe ẹ̀dà. Àwọn adájọ́ ní ti PlayStation kì í dènà ṣíṣe ẹ̀dà. Ìgbà tí wọ́n bá ti ṣe ẹ̀dà tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń kọ̀ láti ṣí i.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Lọ́dún 2006, Australia yí òfin rẹ̀ padà, lẹ́yìn àdéhùn ìṣòwò tó bá Amẹ́ríkà ṣe. Amẹ́ríkà ti fòfin de jíjá irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1998. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ Nàìjíríà tọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù lóṣù Kẹta, ọdún 2023, náà lòdì sí i.

Ta ló máa tọ́jú géèmù àtijọ́?

Lóṣù Keje, ọdún 2023, àjọ Video Game History Foundation ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Ó ní nínú géèmù 100 tó jáde níbẹ̀ ṣáájú ọdún 2010, nǹkan bíi 87 ni kò sí lórí àtẹ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ta irú géèmù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá síídì àlòkù àti ẹ̀rọ àtijọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tàbí kó wá ẹ̀dà.

Àwọn tó ń tọ́jú ìtàn géèmù bẹ̀bẹ̀ pé kí òfin Amẹ́ríkà jẹ́ kí ilé ìkàwé máa fi íntánẹ́ẹ̀tì yá àwọn olùṣèwádìí ní géèmù àtijọ́. Lóṣù Kẹwàá, ọdún 2024, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójútó ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ níbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

Nítorí náà, síídì tó bàjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó rà á nìkan mọ́. Géèmù tí wọn kò tà mọ́, tí kò sì ní ẹ̀dà níbì kankan, bí síídì rẹ̀ ṣe ń bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ni òun náà ń parẹ́ lọ.