Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Ipò Ọ̀gá: Ohun tí Gbẹ́nàgbẹ́nà Ìlá Fi Kọ́ Wa

Èrò tó gbilẹ̀ lóde òní ni pé iṣẹ́ ọwọ́ wà lọ́tọ̀, ìṣàkóso wà lọ́tọ̀. Pé ẹni tó mọ ẹ̀rọ tàbí igi ni à ń gbà síṣẹ́, ẹni tó kàwé ìṣàkóso ni à ń fi ṣe ọ̀gá. Ìtàn Ìlá-Ọ̀ràngún kò gbe èrò yìí. Nínú iṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, irú ìdílé Fákẹ́yẹ tó ń gbẹ́gi láti ìran dé ìran, ipele mẹ́rin ni ère ń gbà kọjá: ọnà lílé, alétúnlé, dídán àti fínfín. Ọ̀gá ló sábà máa ń fi àáké lé ọnà, nítorí ibẹ̀ ni ère ti ń bọ́ sípò tàbí tó ti ń bàjẹ́. Ọmọṣẹ́ a dán an, ọ̀gá a sì padà wá síbi tí fínfín bá ti le. Pípín iṣẹ́ nìyẹn, yíyẹ iṣẹ́ wò nìyẹn, mímọ ohun tí apá ọmọ kan ká nìyẹn pẹ̀lú. Ọmọṣẹ́ tó bá ń wo èyí lójoojúmọ́ ń kọ́ ìṣàkóso, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀.

Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá, jẹ́rìí sí i. Ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́. Síbẹ̀, ó tún lọ di ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà Àrẹògún, ní ibùdó iṣẹ́ ọnà tí àlùfáà Kátólíìkì, Father Kevin Carroll, ń bójú tó ní Ọyẹ́-Èkìtì. Nígbà tó yá, òun náà di ọ̀gá àwọn ọmọṣẹ́. Ní 1978 ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, láìjẹ́ pé oyè yunifásítì ló gbé e débẹ̀. Òun ló sì gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà níbẹ̀ ní 1987.

Ta ló wá ya méjèèjì nípá? Ìjọba amúnisìn ló jẹ̀bi jù. Ní 1932 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Yaba Higher College, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọba náà dá sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ṣí i ní gbangba ní oṣù kìíní 1934. Ìṣègùn, iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀gbìn àti ilẹ̀ wíwọ̀n wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n igbákejì òyìnbó ni akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jáde yóò jẹ́, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sì bá ti yunifásítì dọ́gba. Ìbínú sí ètò yìí wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ òṣèlú Lagos Youth Movement lọ́dún 1934 kan náà. Ìgbìmọ̀ Ashby lórí ẹ̀kọ́ gíga, tó jábọ̀ ní 1960, gbìyànjú àtúnṣe: ó dábàá yunifásítì kan ní Èkó tí yóò máa kọ́ni ní òwò àti ìṣàkóso lọ́sàn-án àti lálẹ́, kí òṣìṣẹ́ lè rí àyè wá. Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Àmọ́ ìyàsọ́tọ̀ ti Yaba kò tán nílẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní HND, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, kì í kọjá ipele iṣẹ́ 14, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó.

Ẹnì kan lè ní agboolé gbẹ́nàgbẹ́nà kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá. Òótọ́ ni. Agboolé kò kọ́ni ní ìṣirò owó ọdọọdún, òfin òṣìṣẹ́, tàbí bí a ṣe ń yáwó ní báǹkì. Ọjọ́ orí àti ẹbí sì lè gbé ẹni tí kò tó ọ̀gá sípò ọ̀gá. Àwọn àléébù yìí ló jẹ́ kí yunifásítì wúlò. Ẹlòmíràn lè ní oníṣẹ́ tó dáńgájíá lè má mọ ènìyàn darí. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ ká kọ́ ọ ní ìṣàkóso. Kò sí èyí nínú àtakò méjèèjì tó sọ pé kí ẹni tí kò mọṣẹ́ máa darí àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ìwé ló yẹ ká fi kún iṣẹ́, kì í ṣe ká fi rọ́pò rẹ̀.

Ìlá fúnra rẹ̀ ní àyè láti ṣe èyí báyìí: láti 2021, ó ti ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ ìlera. Nọ́ọ̀sì àti onímọ̀ àyẹ̀wò tó bá jáde níbẹ̀ ni yóò máa darí wọ́ọ̀dù àti ilé ìwòsàn lọ́la. Kí àwọn aláṣẹ yunifásítì náà fi ẹ̀kọ́ ìṣàkóso kún iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún òṣìṣẹ́ ìlera tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà-Ìgbómìnà láti wá kọ́ ọ.