Láti Òkè-Àfá dé Aró: Nígbà Tí Orúkọ Àìsàn Bá Yí Padà

Bí a bá dárúkọ Òkè-Àfá létí ọmọ Èkó tó ti dàgbà díẹ̀, ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2002, ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Àdó olóró ń bú gbàmù ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Àwọn èèyàn sá kìjokìjo títí ọ̀pọ̀ fi kó sínú kànáàlì Òkè-Àfá. Àwọn tó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn.

Bí ẹni tó pàdánù ọmọ níbẹ̀ bá ń sunkún, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló dé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ojú bá ti rí ìdí ìbànújẹ́, ẹnu kì í sábà béèrè ohun tó ti wà ṣáájú rẹ̀ mọ́.

Àìsàn tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní bipolar. Ojú méjì ló ní. Nígbà mìíràn, yóò sọ èèyàn kalẹ̀: oúnjẹ ò ní lọ lẹ́nu rẹ̀, ayé á sú u. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò gbé e sókè ju bó ṣe yẹ lọ: kò ní sùn, kò sì ní rẹ̀ ẹ́, ẹnu rẹ̀ ò ní dákẹ́, á sì máa ná owó tí kò ní. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà lásìkò ìsọ̀kalẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọn yóò kọ sínú fáìlì rẹ̀. Ọdún lè gorí ọdún kí ojú kejì tó hàn, kí orúkọ náà tó yí padà.

Àwọn orúkọ náà ní ìtàn tiwọn. Ní 1899, Emil Kraepelin ará Jámánì kó ìsókè àti ìsọ̀kalẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Ní 1957, Karl Leonhard, ará Jámánì bákan náà, ya àwọn tó ń rí ojú méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń rí ẹyọ kan. Ní 1980, ìwé ìlànà àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà gba orúkọ bipolar wọlé.

Nílẹ̀ tiwa ńkọ́? Ní 1953, J. C. Carothers, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ ìwé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín àwa adúláwọ̀. Ní 1954, Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Aró, Abẹ́òkúta. Òun àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ṣèwádìí káàkiri abúlé Yorùbá, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní 1963. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ti òyìnbó, ṣùgbọ́n bí a bá to àwọn àmì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àìlèsùn, àìlèjẹun àti ẹkún, àwọn èèyàn mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ ò rí nǹkan: àìsí ọ̀rọ̀ kì í ṣe àìsí àìsàn.

Nígbà tó di 1985, Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Mákánjúọlá, tó padà di gíwá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn Yorùbá tí ìsókè nìkan ń ṣe léraléra, láìsí ìsọ̀kalẹ̀. Ìbéèrè tiwa ni pé: ṣé ìsọ̀kalẹ̀ ò wá ni, àbí ó wá, tí ẹnikẹ́ni ò gbé e dé ilé ìwòsàn? Ẹni tó ń pariwo ní títì ni wọ́n ń dì lókùn lọ. Ẹni tó dojú kọ ògiri nínú yàrá, wọ́n á ní ó ń ronú ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe eré. Bí ẹni tó ní bipolar bá ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan, láìsí oògùn tó ń mú ọkàn dúró sójú kan, ó lè tì í sínú ìsókè. Ọ̀kan lára irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni lithium, tí John Cade ará Ọsirélíà kọ̀wé nípa ìwúlò rẹ̀ ní 1949. Nítorí náà, bí dókítà bá yí orúkọ àìsàn padà, kò túmọ̀ sí pé irọ́ ló pa tẹ́lẹ̀. Àìsàn náà lè ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú kejì hàn ni.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹnìkan ni dókítà ń gbẹ́jọ́ rẹ̀ bí aláìsàn nìkan bá sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá kì í ka ìyẹn sí àìsàn. Ní Aró, Lámbò ní kí aláìsàn mú ẹbí dání, kí wọ́n jọ máa gbé ní abúlé ìtòsí. Ìyá, àbúrò tàbí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ló mọ̀ pé lágbájá ò sùn fún òru mẹ́rin lọ́dún tó kọjá, tí gbogbo wa ń yìn ín pé ó ń kàwé.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, tí wọ́n ṣí ní 1907, ní ẹ̀ka fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì, nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí Òkè-Àfá wà. Bí ẹ bá sin ọ̀rẹ́ yín lọ síbẹ̀ tàbí síbòmíràn, ẹ má sọ ti ẹkún rẹ̀ nìkan. Ẹ sọ ti ìgbà tí kò lè sùn, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń ná owó oúnjẹ oṣù kan lọ́jọ́ kan.