Adìẹ Inú Wáyà àti Ọmọ Freetown

Ẹ lọ sọ fún ìyá aládìẹ kan ní Ẹdẹ yìí pé adìẹ rẹ̀ ń wá òmìnira. Ẹ̀rín ni yóò fi yín rín. Kí ni adìẹ fẹ́ fi òmìnira ṣe? Ṣebí ìkòkò ọbẹ̀ ni ìpín rẹ̀! Àmọ́ ní ọdún 2000, Peter Lord àti Nick Park, ti ilé-iṣẹ́ Aardman ní ìlú Bristol, fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe odidi fíìmù. Chicken Run ni wọ́n pè é.

Ère ni gbogbo adìẹ inú rẹ̀. Wọ́n á sún ìyẹ́ ère díẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò. Wọ́n á sún ẹnu rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tún ya òmíràn. Fọ́tò 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ẹ ò rí sùúrù! Àwa akéwì ńkọ́, tó jẹ́ pé bí a bá ti kọ ewì lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn.

Oko Tweedy ní Yorkshire ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní àwọn ọdún 1950. Adìẹ tí kò bá yé ẹyin mọ́, àáké ló kàn. Nígbà tó yá, Ìyáàfin Tweedy ra ẹ̀rọ tó ń sọ adìẹ di páì. Ginger, tó jẹ́ olórí wọn, lè rọra yọ́ jáde ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Àfi kí gbogbo wọn jọ lọ. Ni wọ́n bá kan bàálù, wọ́n sì fò kọjá wáyà.

Ìtàn yìí kò ṣàdédé wá o. Fíìmù ogun àtijọ́ ni wọ́n fi ṣeré níbẹ̀, pàápàá The Great Escape ti 1963. Òtítọ́ ló wà nídìí ìyẹn. Ní oṣù kẹta 1944, ẹlẹ́wọ̀n ogun 76 gba ihò abẹ́ ilẹ̀ jáde ní àgọ́ Stalag Luft III tí àwọn Jámánì ń ṣọ́. 3 péré ló bọ́. Wọ́n mú 73 padà, wọ́n sì yìnbọn pa 50 nínú wọn. Nítorí náà, bí àwọn ọmọdé ṣe ń rẹ́rìn-ín sí adìẹ, ẹ̀jẹ̀ èèyàn wà nísàlẹ̀ ẹ̀rín náà.

Fowler, àkùkọ àgbà inú fíìmù náà, kò yé fọ́nnu nípa RAF, ìyẹn ẹgbẹ́ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì. Èmi wá bi ara mi pé, ṣé òyìnbó nìkan ló wà nínú RAF ni? Rárá o. Johnny Smythe, ọmọ Krio láti Freetown, wà níbẹ̀. Òun ló ń tọ́ ọ̀nà fún bàálù wọn. Ní oṣù kọkànlá 1943, wọ́n yìnbọn lu bàálù náà lókè Jámánì. Smythe fara gbọgbẹ́, ó sá sínú abà kan, àwọn sójà sì ká a mọ́ ibẹ̀. Stalag Luft I ni wọ́n gbé e lọ.

Ní àgọ́ yẹn, ó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti sá. Òun fúnra rẹ̀ kò lè sá. Ó ga gògòrò, ó sì dúdú. Ibo ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ fẹ́ fara pamọ́ sí láàárín àwọn Jámánì? Wáyà kan yí àgọ́ ká, wáyà kejì sì wà lára rẹ̀. Ọdún 1945 ni àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tú wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kàwé òfin, ó sì di agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba Sàró.

Àwa náà kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ Krio ló jẹ́ pé Yorùbá ni baba ńlá wọn. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ní 1822 ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ sí Freetown. Ẹdẹ tí a wà yìí ńkọ́? Ìtàn ní Aláàfin ló rán Tìmì Àgbàlé wá síbí láti máa ṣọ́ ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó èèyàn àti ẹrù. Ẹni tí wọ́n bá ti jí gbé rí kò ní béèrè ohun tí adìẹ fẹ́ fi òmìnira ṣe.

Ohun tó dùn mí ni pé nínú Chicken Run, gbogbo adìẹ ló lè fò kọjá wáyà kan náà. Ní ti Smythe, ó ń la ọ̀nà tí òun kò lè gbà. Lójú tèmi, ìgboyà tirẹ̀ ju ti Ginger lọ, nítorí Ginger mọ̀ pé ààyè òun wà nínú bàálù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ta ni yóò ṣe fíìmù tàbí eré ti Smythe? Amọ̀ kò wọ́n ní Ẹdẹ. Sùúrù ló kù.