Ohun Tí A Kọ Sára Ìdì Ọta: Láàárín Ẹni Tí Ó Di Ọta àti Ẹni Tí Ó Yìn Ín

Ọdẹ ìgbà àtijọ́ ní Kétu àti ní Ṣábẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ ohunkóhun sára àdó ẹ̀tù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ra ẹ̀tù náà, òun ni ó dà á sínú àdó, òun náà ni ó ń wọ̀n ọ́n sí ẹnu ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ nígbà tí ó bá dé inú igbó. Bí ẹ̀tù bá tutù, ó mọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, èjìká rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ọwọ́ tí ó kún àdó ni ọwọ́ tí ó yin ìbọn. Ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọwọ́ kan yìí di méjì. Bí ẹnì kan bá di ọta, tí ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí sì fẹ́ yìn ín, kí ni yóò sọ fún ẹni kejì ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe?

Ní Yúróòpù, ní ọ̀rúndún 17, àwọn ọmọ ogun a máa fi ìgò igi kéékèèké kọ́ àyà, ẹ̀tù ìbọn ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, lo ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún 19: ìgbànú tí a to ọ̀pá igi tàbí ọparun sí, tí a ti wọn ẹ̀tù sínú wọn kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, tákàdá ni ó gba ipò igi. Wọ́n á ká tákàdá, wọ́n á fi òjé sí ìdí rẹ̀, wọ́n á da ẹ̀tù lé e, wọ́n á sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ọmọ ogun á fi eyín ya ẹnu tákàdá náà, á da ẹ̀tù sínú ìbọn, á sì ti òjé tẹ̀lé e.

Nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti ọdún 1861 sí 1865, àwọn obìnrin àti ọmọdébìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọta 10 ni wọ́n ń dì pọ̀, pẹ̀lú fìlà idẹ kéékèèké tí ń tan iná sí ẹ̀tù. Wọ́n á wá kọ ọ́ sára ìdì náà: ibi tí a ti ṣe é, ọdún rẹ̀, àti ìwọ̀n ẹnu ìbọn tí ó bá a mu. Ìwọ̀n yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣejù. Ìbọn oríṣiríṣi ni ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun náà. Ẹnu òmíràn tó mìlímítà 14.7, ẹnu òmíràn 17.5. Ẹni tí ó bá mú ìdì tí kì í ṣe tirẹ̀ lójú ogun, bóyá òjé náà kò ní wọ ìbọn rẹ̀ rárá, bóyá yóò máa mì nínú rẹ̀ bí ẹkùrọ́ nínú ìgbá.

Ìdì náà kò sọ orúkọ àwọn tí ó dì í. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1862, ilé ìdìta Allegheny ní ìlú Pittsburgh gbaná. Ẹni 78 ni ó kú, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ni ọ̀dọ́bìnrin. Àwọn ìdì tí ọwọ́ wọn ti parí kò dẹ́kun láti rìn lọ sójú ogun.

Íńdíà ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Ní ọdún 1857, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní East India Company ni ó ń ṣàkóso apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, àwọn ọmọ onílẹ̀, Híńdù àti Mùsùlùmí, ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú ọmọ ogun rẹ̀. Ìbọn tuntun dé, Enfield. A ti fi ọ̀rá pa tákàdá ọta rẹ̀ kí ó lè yọ̀ wọlé, ọmọ ogun sì gbọ́dọ̀ fi eyín ya á. Ní oṣù kìíní ọdún náà, ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀ ní àgọ́ Dum Dum pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni. Fún Híńdù, màlúù jẹ́ ohun ọ̀wọ̀; fún Mùsùlùmí, ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ èèwọ̀. Kò sí ìwé kankan tí a lè gbé jáde láti pa ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mọ́, nítorí pé àwọn tí ó pàṣẹ fún ọ̀rá náà kò sọ irú ẹran tí a gbọ́dọ̀ ti mú un.

Kí oṣù náà tó parí, ìjọba gbà pé kí àwọn ọmọ ogun fúnra wọn máa fi ohun tí ó bá wù wọ́n pa ọta wọn. Ojú ọ̀nà àdó ọdẹ ni ìjọba náà fẹ́ padà sí: kí ọwọ́ tí yóò yìn ín jẹ́ ọwọ́ tí ó pèsè rẹ̀. Ìmọ̀ràn náà dára lójú wa, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Àwọn ọmọ ogun ti kúrò lórí ọ̀rá, wọ́n ti ń wo tákàdá: kí ló dé tí ó ń dán báyìí? Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì, ní Berhampur, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkàndínlógún kọ̀ láti gba ọta, bẹ́ẹ̀ sì ni irú ti àtijọ́ ni a fẹ́ fún wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, Mangal Pandey kọlu àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Barrackpore. Wọ́n so ó kọ́ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin. Ní Meerut, ní ọjọ́ 24 oṣù náà, a to ẹni 90 síwájú ọta. Ẹni 85 kò fọwọ́ kàn án. Níbẹ̀ náà, ọta àtijọ́ tí a kò fi ọ̀rá pa ni. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n lójú gbogbo ọmọ ogun. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ẹgbẹ́ wọn tú wọn sílẹ̀, wọ́n pa àwọn ọ̀gá òyìnbó, wọ́n sì forí lé Delhi. Ní ọdún 1858, ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ òwò náà dópin, ọba Gẹ̀ẹ́sì gba Íńdíà sọ́wọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ọ̀rá ni ó fa ogun náà. Kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀, owó orí wà níbẹ̀, ìjọba Awadh tí wọ́n gbà ní ọdún 1856 wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba ẹnìkejì gbọ́ mọ́ kò ní gba àkọlé rẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí èèpo idẹ rọ́pò tákàdá, ìṣòro mìíràn yọjú. Èèpo idẹ kì í jóná. A lè ṣà á, kí a tún fi ẹ̀tù àti òjé tuntun kún un. Ní Amẹ́ríkà, ọta ìbọn gígùn àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ àti ti ìbọn kúkúrú àwọn ẹlẹ́ṣin wà nínú èèpo kan náà, ṣùgbọ́n gíráàmù ẹ̀tù 4.5 ni ó wà nínú ti àkọ́kọ́, nǹkan bí 3.6 nínú ti èkejì. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 1877, ilé ìdìta Frankford ní Philadelphia bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà sí ìdí èèpo náà: R fún ìbọn gígùn, C fún ti ẹlẹ́ṣin, F fún Frankford, lẹ́yìn náà oṣù àti ọdún. Ó dára gan-an, títí di ìgbà tí wọ́n bá tún èèpo náà kún. Lẹ́tà tí a tẹ̀ sára idẹ kì í parẹ́. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni yóò máa pè, kò mọ ẹni tí ó kún un lẹ́ẹ̀kejì, kò sì mọ iye ẹ̀tù tí ó fi sí i. Páálí tí a kó ọta àtúnkún sí nìkan ni a lè kọ ìyẹn sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Dàhòmì, tí ó ti run Kétu ní ọdún 1886, Béhanzin ra ìbọn lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì ní Wídà kí ogun ọdún 1892 tó dé: Mauser, Winchester, Snider, àti Chassepot tí àwọn Faransé fúnra wọn ṣe. Ọta ọ̀kan kì í wọ èkejì. Ti Chassepot kò tilẹ̀ ní èèpo idẹ. Ọba lè ra ìbọn lóòjọ́. Kí olúkúlùkù jagunjagun mọ ìdì tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú gbogbo páálí tí a fi èdè òkèèrè kọ nǹkan sí lára, iṣẹ́ mìíràn ni ìyẹn.

Títí di òní, bí ọdẹ kan bá tún èèpo ọta kún ní abúlé, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe é ni ó ṣì wà lára rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà òjé tí ó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdẹ náà mọ ohun tí ó fi rọ́pò rẹ̀, ó mọ èyí tí ó fún ní ẹ̀tù púpọ̀ àti èyí tí ó fún ní díẹ̀. Nígbà tí ó bá kú, ọmọ rẹ̀ ni yóò gba àpò ọdẹ. Yóò tú ọta inú rẹ̀ sórí ẹní, yóò sì ka ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ.