Ìtàn Ẹ̀kọ́ Amòfin ní Ilẹ̀ Nàìjíríà

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kí òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti ń pa òwe yìí. Ààfin ọba àti ojúde baálé ni ilé-ẹjọ́ nígbà náà. Ẹni tí ọ̀ràn kàn ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́, tàbí kí olórí ẹbí bá a rò ó. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, òfin mìíràn wọ̀lú, ó sì di dandan kí àwọn tí ó gbọ́ èdè òfin náà máa bá ènìyàn rojọ́.

Àwọn tí ó gboyè kò tó nǹkan. Nítorí náà, òfin ilé-ẹjọ́ ti ọdún 1876 fi àyè gba oríṣi mẹ́ta: ẹni tí ó gboyè ní Ìlú Ọba, ẹni tí ó fi ọdún márùn-ún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, àti akọ̀wé tí a fún ní ìwé àṣẹ oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Sàró, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gboyè náà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1879. Stella Thomas ni obìnrin àkọ́kọ́, ní ọdún 1933.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Lọ́ńdọ̀nù ní àléébù. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ilẹ̀ ẹbí tàbí ìṣákọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ ilẹ̀ pọ̀ nílé. Nígbà tí ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1921, àṣà ilẹ̀ Èkó ni ó dá Olóyè náà láre: ìjọba níláti san owó ilẹ̀ tí ó gbà gẹ́gẹ́ bí ohun ìní àwùjọ.

Ní ọdún 1959, ìgbìmọ̀ Unsworth dá a lábàá pé kí a máa kọ́ amòfin nílé. Òfin ọdún 1962 fìdí èyí múlẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ amòfin sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Bwari ni olú rẹ̀ kó lọ ní ọdún 1997. Lẹ́yìn oyè yunifásítì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ síbẹ̀. Ní Ìlú Ọba, iṣẹ́ ẹni tí ń rojọ́ ní kóòtù àti ti ẹni tí ń kọ ìwé àdéhùn yàtọ̀ síra. Ní Nàìjíríà, ẹnìkan náà ni ó ń ṣe méjèèjì.

Ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà fi hàn pé ẹnìkan ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ni ó ṣáájú nínú wọn. Nítorí náà, amòfin tí ó bá fẹ́ jàre ẹjọ́ ilẹ̀ ṣì níláti jókòó ti àgbà ẹbí, kí ó sì gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe di tiwọn.