King's College ti Èkó: Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba àti Àwọn Ọmọ tí Ó Kọ́, 1909 sí 1944

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe náà kò sọ ohun tí ọmọ tí a kọ́ ní àkọ́yè yóò ṣe nígbà tí ó bá rí i pé ẹni tí ó kọ́ ọ kò fẹ́ kí ó lo ẹ̀kọ́ náà dé òpin. Ìtàn King's College ti Èkó ni ó fi ìdáhùn rẹ̀ hàn, láti ọdún 1909 tí ìjọba amúnisìn dá a sílẹ̀ títí di ọdún 1944 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dúró níwájú adájọ́. Òṣìṣẹ́ ni ìjọba ń wá. Ohun tí ó rí ju òṣìṣẹ́ lọ, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí ó péye kì í dúró sí ibi tí a pa ààlà fún un.

Kì í ṣe pé kò sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Èkó ṣáájú àkókò náà. Ìjọ C.M.S. ti dá Grammar School tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1859, Àlùfáà T. B. Macaulay sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá Boys' High School tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1878. Ọwọ́ àwọn ìjọ ni ẹ̀kọ́ wà, ìrànlọ́wọ́ owó ni ìjọba ń fi ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1906, a so Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà lábẹ́ Gómìnà Walter Egerton. Ojú irin tí ó ti dé Ìbàdàn ń tẹ̀ síwájú lọ sí òkè Ọya, iṣẹ́ ọ́fíìsì ń pọ̀ sí i, àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò pẹ̀lú sì ń wá ẹni tí ó mọ ìwé àti ìṣirò. Ìgbà yìí ni ìjọba tó rò ó pé ó yẹ kí òun fúnra òun ní ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Hyde-Johnson, tí ó ń ṣe àkóso ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ni ó gbé àbá náà kalẹ̀ níwájú Gómìnà. Henry Carr sì bá a tún un ṣe. Carr yìí, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1863, ti gba oyè ní Fourah Bay ní Sàró ní ọdún 1882, ó sì mọ ohun tí ọmọ ènìyàn dúdú lè kọ́ bí a bá fún un ní àyè. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò máa ṣe. Èkíní, kí ó fún àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀kọ́ tí ó ga ju èyí tí ó wà nílẹ̀ lọ. Èkejì, kí ó pèsè wọn sílẹ̀ fún ìdánwò àbáwọlé ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀kẹta, kí ó wúlò fún ẹni tí yóò kọ́ṣẹ́ amòfin, oníṣègùn àti irú wọn, tàbí tí yóò ṣe iṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ òwò.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1909, a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú orúkọ King's School. Gbọ̀ngàn rẹ̀ lè gba 300 ènìyàn, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ ni ó ní, ó sì ní yàrá tí a ti ń ṣe àyẹ̀wò kẹ́mísírì. Ọmọkùnrin mẹ́wàá péré ni ó kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀.

Kíkéré tí iye wọn kéré wà lára ohun tí ó mú ẹ̀kọ́ náà dára. Ibi tí ọmọ mẹ́wàá bá wà, olùkọ́ kò lè ṣàì mọ èyí tí kò yé nínú wọn. Òmíràn ni pé Lọ́ńdọ̀nù ni òṣùwọ̀n wà. Olùkọ́ kan ní Èkó kò lè fi ojú àánú wo ọmọ kí ó sì fún un ní máàkì tí kò tọ́ sí i, nítorí pé ẹni tí kò rí ọmọ náà rí ni yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò. Méjì nínú àwọn mẹ́wàá náà, James Churchill Vaughan àti Isaac Ladipo Oluwole, wọ Yunifásítì Glasgow ní ọdún 1913, àwọn méjèèjì sì gba oyè oníṣègùn ní ọdún 1918. Oluwole ni ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí dókítà ìmọ́tótó ìlú Èkó. Òun ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé ní iṣẹ́ wọn, ó sì wà lára àwọn tí ó gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn èkúté tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924. Lẹ́yìn wọn ni Adetokunbo Ademola gba ilé-ẹ̀kọ́ yìí kọjá, ẹni tí ó di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ní ọdún 1958, àti Simeon Adebo tí ó ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Ìgbésí ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò mọ sí orí ìwé. A pín wọn sí agboolé mẹ́rin, èyí tí orúkọ àwọn òyìnbó wà lórí wọn: Hyde-Johnson, McKee-Wright, Panes àti Harman. Wọ́n ní ìwé àtìgbàdégbà tiwọn tí à ń pè ní The Mermaid, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń to èrò léra. Ọ̀rọ̀ Látìn méjì, Spero Lucem, ni àkọlé wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ ni mò ń retí. Ní ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ti bá ọmọ Nembe bíi Ernest Ikoli jókòó, tí wọ́n sì mọ̀ pé ìṣòro kan náà ni ó ń bá ìlú àwọn méjèèjì fínra.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìyìn bo àléébù mọ́lẹ̀. Ìwọ̀nba ọmọ ni àǹfààní yìí kàn nínú orílẹ̀-èdè tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1927 ni ìjọba tó dá Queen's College sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún tí àwọn arákùnrin wọn ti ń jẹ àǹfààní náà.

Àmì àkọ́kọ́ pé ẹ̀kọ́ náà ti kọjá ààlà hàn ní ọdún 1934. Ní ọdún náà ni ìjọba ṣí Higher College ní Yábàá, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tí ó ń fúnni kò tó oyè yunifásítì, Nàìjíríà nìkan ni ó sì ti ní iyì. Àwọn tí wọ́n ti fi òṣùwọ̀n Lọ́ńdọ̀nù wọn ara wọn rí kò gba èyí. Vaughan, Ikoli àti H. O. Davies, tí wọ́n jẹ́ ọmọ King's College, dara pọ̀ mọ́ Samuel Akinsanya láti dá ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement sílẹ̀. Ẹni tí ìjọba fún ní ìwọ̀n pípé ni ó mọ̀ nígbà tí ìwọ̀n kò pé.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan àwọn tí ó ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́. Ìjọba gba ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ológun, ó sì kó àwọn ọmọ náà lọ sí àwọn ilé kan láàárín ìlú. Inú wọn kò dùn sí ibi tí a kó wọn sí. Ní oṣù Kẹta, ọdún 1944, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Ìjọba mú 75 nínú àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́, ó sì gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù. Wọ́n fi agbára sọ mẹ́jọ nínú wọn di ṣọ́jà. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà kú sẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ìdí tí àwọn òbí rẹ̀ fi fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ó lè bọ́ sí yunifásítì. Àgọ́ ológun ni ìjọba fi í ránṣẹ́ sí.

Ọ̀rọ̀ náà dun gbogbo ìlú. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, ọdún náà, Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà pe ìpàdé ńlá sí Glover Hall. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ King's College wà lára ohun tí wọ́n jíròrò, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìkówójọ fún ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò jẹ́ ti orílẹ̀-èdè, àti dídá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò lè fi ẹnu kan bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 1944, a dá ẹgbẹ́ N.C.N.C. sílẹ̀ nínú Glover Hall kan náà. Herbert Macaulay ni ààrẹ, Nnamdi Azikiwe sì ni akọ̀wé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kọ́ ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, òkodoro sì ni pé ìfẹ́ òmìnira ti wà nílẹ̀ ṣáájú wọn. Síbẹ̀, ìyà tí ó jẹ wọ́n wà lára ohun tí ó sọ ọ̀rọ̀ tí a ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ di ohun tí a ṣe.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni a dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní 1948, tí ọmọ Nàìjíríà fi lè gba oyè Lọ́ńdọ̀nù láì rékọjá òkun. Ìwé bí 18,000 tí Henry Carr kó jọ nígbà ayé rẹ̀, tí ìjọba rà, ni ó di ìpìlẹ̀ ibi ìkówèésí rẹ̀. Báyìí ni iṣẹ́ ẹni tí ó bá wọn tún àbá ọdún 1909 ṣe ṣe dé yunifásítì tí àbá náà ń nàgà sí.

King's College ṣì wà ní Èkó. Ó wà lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọba Àpapọ̀, ìdánwò àbáwọlé kan náà ni ọmọ láti gbogbo ìpínlẹ̀ fi ń wọ ibẹ̀, iye akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ti fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ohun rere ni kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú olùkọ́ ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni bí òun yóò ti mọ ogójì ọmọ bí a ti mọ mẹ́wàá. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò, kí ó rántí pé Vaughan yege nínú ìdánwò, ó sì di oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ìtàn dá orúkọ rẹ̀ mọ̀ ni pé, nígbà tí a gbé ẹ̀kọ́ tí kò péye ka iwájú àwọn àbúrò rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tí ó péye, ó sì sọ bẹ́ẹ̀.