Ìṣákọ́lẹ̀ Orí Ìtàgé

Ní ọdún 2006, àwọn tó gbé eré olórin Urinetown dé Broadway ní New York fẹ̀sùn kan ẹgbẹ́ tíátà méjì, ọ̀kan ní Chicago, ìkejì ní ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti gbàṣẹ kí wọ́n tó ṣeré, wọ́n sì ti sanwó. Kì í ṣe àwọn tó kọ eré náà ló ń bá wọn jà. John Rando tó darí rẹ̀, John Carrafa tó ṣètò ijó rẹ̀, àtàwọn tó ṣe ìtàgé, aṣọ àti iná rẹ̀ ló ń bínú. Wọ́n ní ẹgbẹ́ méjèèjì wo iṣẹ́ àwọn kọ: bí òṣèré ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń jó, bí ìtàgé ṣe rí lójú. Àwọn ará Chicago ní irọ́ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ròyìn ìjà yìí ní Yorùbá, láti gbólóhùn kìíní ló ti máa há. Wọ́n jí eré. Eré wo? Ṣebí eré náà ni wọ́n sanwó rẹ̀? Lẹ́nu wa, eré ni ohun tí ẹnì kan jókòó kọ, eré ni ohun tí a lọ wò lálẹ́ àná, eré náà ni iṣẹ́ tí òṣèré ń ṣe jẹun. Ọ̀rọ̀ kan ló ru gbogbo rẹ̀, kò sì wúwo fún un títí di ọjọ́ tí ẹnì kan bèèrè pé, ta ló ni ín?

Ìtàn ló fà á. Nígbà tí Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1944 pẹ̀lú eré tó ṣe fún ìjọ kan ní Èkó, kò sí ẹni tó ń pín iṣẹ́ tíátà sí wẹ́wẹ́. Òun ló ń ro eré, òun ló ń dá orin, òun ló ń darí, òun náà ló tún máa jáde gẹ́gẹ́ bí olórí òṣèré. Eré Ògúndé ni gbogbo ayé ń pè é, ìpè náà sì péye. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alárìnjó tó tẹ̀ lé e, wọn kò tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀: ọ̀gá á sọ bí ìtàn ṣe lọ, òṣèré á wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fi sí i lẹ́nu. Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé onímọ̀ èdè àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ èdè-ìperí jáde ní ọdún 1984, èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni wọ́n dojú kọ. Òwò tíátà kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn. Nítorí náà ààlà tó wà nínú eré, láàárín ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó gbé e dìde, kò ní orúkọ tó dúró sójú kan. Ohun tí kò ní orúkọ, ó ṣòro kí olówó rẹ̀ tó bèèrè owó lórí rẹ̀. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára nìyẹn, tí mo sì fi mú Urinetown láti tọpa rẹ̀.

Ní ọdún 1995, Greg Kotis wà ní Paris, owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ilé ìtọ̀ ìgboro ń gbowó. Ó wá di pé kí ó tó wọlé níbẹ̀, á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó le tó ohun tí èèyàn ń náwó sí. Ibẹ̀ ló ti ro ìlú kan tí gbogbo ènìyàn ti ń sanwó kí wọ́n tó tọ̀. Ó bá Mark Hollmann sọ ọ́. Wọ́n ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ tíátà kan ní Chicago tẹ́lẹ̀. Kotis kọ ọ̀rọ̀ eré, Hollmann ṣe ohùn orin, àwọn méjèèjì jọ kọ ọ̀rọ̀ orin.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi ìpín mẹ́ta yìí, nítorí orí rẹ̀ ni owó ń gbà wọlé. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìwé ní Broadway, ọ̀rọ̀ tí òṣèré ń fẹnu sọ àti bí ìtàn ṣe tò nìkan ni. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí ìwé, olùkà máa rò pé orin wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ eré ló tọ́. Ti orin ló le jù, nítorí Yorùbá kì í ya ọ̀rọ̀ orin kúrò lára ohùn rẹ̀. Ẹni tó dá orin, ó dá méjèèjì pọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń sọ ibi tí ohùn máa gbà. Síbẹ̀ a gbọ́dọ̀ yà wọ́n, nítorí òfin yà wọ́n: ọ̀rọ̀ orin lọ́tọ̀, ohùn orin lọ́tọ̀, ẹni tó ni ọ̀kan lè má ni èkejì.

Ìtàn inú eré náà kò ṣòro fún ẹni tó ti sanwó ní gáréèjì rí kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ṣáláńgá fún un. Ọ̀dá ti dá fún 20 ọdún. Òfin ti de ilé ìtọ̀ aládàáni, ilé-iṣẹ́ Caldwell B. Cladwell nìkan ló ni èyí tó kù, ó sì ń sọ owó rẹ̀ di ọ̀wọ́n. Ẹni tó bá tọ̀ láìsanwó, wọ́n á gbé e lọ sí Urinetown, a kò ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé bàbá Bobby Strong lọ, Bobby kó àwọn mẹ̀kúnnù jọ, ìfẹ́ sì wọ àárín òun àti Hope, ọmọ Cladwell. Wọ́n pa Bobby. Àwọn mẹ̀kúnnù borí, Hope ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn láìgbowó, omi bá tán pátápátá, wọ́n sì kú tán.

Urine Good Company ni ilé-iṣẹ́ Cladwell ń jẹ́. Létí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìtọ̀ ń bẹ níbẹ̀, ìkíni káàbọ̀ sí àárín ẹni rere náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ ti ba adùn rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ èdè wa ti tọ́jú èyí tó dára sílẹ̀: tọ̀ tí ọmọdé ń tọ̀ sílé àti tọ̀ tí èèyàn ń tọ ẹlòmíràn lọ, ohùn kan náà ni wọ́n ń gbà. Ilé-iṣẹ́ Ẹ-Tọ̀-Wá-Wá. Kí àwọn akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà fi ẹ̀rín músẹ́ pè é sí oníbàárà létí, kí ará ìlú tí àpòòtọ̀ rẹ̀ ti kún gbọ́ ọ bó ṣe fẹ́.

Irú eré báyìí, àwọn kan á sọ pé àwàdà ni. Èmi kò gbà. Àwàdà lè pa wá lẹ́rìn-ín kó sì fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ tó yẹ ẹ́, ìyẹn ẹ̀fẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ àti ní ilẹ̀ Yewa, níbi tí ẹlẹ́fẹ̀ ti ń jáde lóru kí ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, tó ń ṣàdúrà fún ìlú, tó sì ń kọ orin bá ẹni tó hùwà ìbàjẹ́ wí, ìbáà jẹ́ ìjòyè, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́ nítorí ohun tó kọ lórin. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni Urinetown ń ṣe fún ìlú tó fi omi ṣòwò. Ṣùgbọ́n ó tún ṣe ohun kan tí ẹ̀fẹ̀ kò kó tán: ó ń fi eré olórin fúnra rẹ̀ ṣeré. Ọlọ́pàá Lockstock máa ń kúrò nínú ìtàn, á dojú kọ òǹwòran, á máa ṣàlàyé bí eré olórin ṣe máa ń lọ fún wọn. Ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Little Sally á sì máa bi í ní ìbéèrè tí kò rọrùn. Èyí ni mo ń pè ní ìsínjẹ, bí ọmọdé ṣe ń sín àgbà jẹ: ó fara wé e dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí àbùkù rẹ̀ fi hàn. Eré Brecht àti Weill ti ọdún 1928, Threepenny Opera, wà lára ohun tí Urinetown sín jẹ. Eré yẹn kan náà ni Wọlé Ṣóyínká gbé ka iwájú kó tó ṣe Opera Wonyosi ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1977, èyí tó fi bá àwọn tó lówó àpọ̀jù láyé epo rọ̀bì wí. Nítorí náà ọ̀nà ẹ̀fẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká ṣọ́ra fún. Eré tí àwọn díẹ̀ fẹ́ràn dé góńgó, tí wọ́n ń wò láìmọye ìgbà, ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é, cult, ni wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ òkùnkùn ní yunifásítì wa. Bí a bá gbé e wọlé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ló máa ba àwọn òbí. Eré ọlọ́mọlẹ́yìn ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Rocky Horror, tó bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kékeré òkè ilé Royal Court ní London ní ọdún 1973, ni bàbá wọn. Ti Urinetown, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò mọ sí òǹwòran: àwọn ilé ìwé gírámà àti yunifásítì ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe é. Àṣẹ ìlò, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó ṣe é, ló fi ń wà láàyè.

Ọ̀nà rẹ̀ kò yá títí ó fi dé Broadway. Ọ̀pọ̀ ilé tíátà kọ̀ ọ́ kí àjọ̀dún Fringe ní New York tó gbà á ní ọdún 1999. Ilé-iṣẹ́ Araca Group wá gbé e sókè. Ó wọ gbọ̀ngàn kékeré kan ní oṣù Karùn-ún ọdún 2001. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n dá fún Broadway. Ìkọlù ọjọ́ kọkànlá oṣù náà ní New York sún un sí ogúnjọ́. Ó ju ọdún méjì lọ lórí ìtàgé, ó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún ìgbà, ìyẹn 965, kó tó kógbá wọlé ní oṣù Kìíní ọdún 2004, ó sì ti gba àmì-ẹ̀yẹ Tony mẹ́ta: ti ọ̀rọ̀ eré, ti orin, àti ti ìdarí. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọ́n fún ìdarí ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Music Theatre International ló ń fúnni láṣẹ láti ṣe é. Frank Loesser tó ń kọ orin àti Don Walker ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1952. Ilé ìwé tó bá fẹ́ ṣeré á kọ̀wé: ìjókòó mélòó, èló ni tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ wo, ẹ̀ẹ̀melòó. Orí èyí ni wọn yóò ti dá iye owó fún un. Wọ́n á fi ìwé ọ̀rọ̀ àti ìwé orin àwọn onílù àti onífèrè ránṣẹ́. A kò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ kan padà láìgbàṣẹ. Láísẹ́nsì ni ẹnu á kọ́kọ́ sáré pè é, ṣùgbọ́n láísẹ́nsì lójú wa jẹ́ ìwé ìjọba, ti awakọ̀ tàbí ti ilé ọtí. Ẹni tó ni nǹkan ló ń fúnni ní èyí. Àṣẹ ìlò ni.

Owó tí a ń san fún un ńkọ́? Mo ti rí i tí ẹnì kan pè é ní owó ọba, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ọba kún un. Ohun tó dára jù ti wà lóko bàbá wa. Ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, lọ́dọọdún ló ń san án, tó bá sì ti san án, ó ti jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Àgbẹ̀ tó san ìṣákọ́lẹ̀ kò ra ilẹ̀. Ilé ìwé tó sanwó fún Urinetown kò ra eré.

Ọ̀rọ̀ yìí tún bá wa tú ìjà ọdún 2006. Ní ilẹ̀ kòkó, a mọ̀ pé onílẹ̀ lọ́tọ̀, onígi lọ́tọ̀. Àlejò tí onílẹ̀ gbà láàyè tó sì gbin kòkó, òun ló ni igi tó gbìn, bó tilẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ tí igi dúró lé. Kotis àti Hollmann ni onílẹ̀. Rando àti Carrafa gbin igi sórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹgbẹ́ Chicago àti Akron san owó ilẹ̀, wọ́n sì ká kòkó tí àwọn gbìn. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1976 dárúkọ ètò ijó lára ohun tó ní olówó. Kò dárúkọ ìdarí eré. Ilé ẹjọ́ kò dá ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, àwọn tó ń jà ló yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Lójú tèmi, olùdarí ní igi. Àwọn olùdarí tíátà wa, tí ẹgbẹ́ mìíràn ń wo eré wọn kọ láti ìlú dé ìlú, yẹ kí wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi sọ ọ́ níwájú adájọ́, kí ó má jẹ́ pé wọ́n jí eré mi nìkan ni wọ́n lè sọ.

Ẹgbẹ́ Yorùbá tó bá fẹ́ ṣe Urinetown lédè wa lọ́la, tó sì pè é ní Ìlú Ìtọ̀, máa bá ìṣòro tirẹ̀ pàdé. Àṣẹ ìlò kò ní ìtúmọ̀ nínú. Àṣẹ ìtúmọ̀ ni wọn yóò tọrọ lọ́tọ̀. Kó dà bíi pé wọ́n rí i gbà, ohùn orin Hollmann ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe kọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orin ìyìn wa ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀rọ̀ sì wọ́, títí T. K. E. Phillips àtàwọn bíi tirẹ̀ fi kọ orin tó tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ìtọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ohùn orin bá gòkè níbi ìparí rẹ̀, itọ́ ni òǹwòran máa gbọ́, ìlú tí wọ́n ń tutọ́ ló sì máa rò pé òun wà. Nítorí náà lẹ́tà kan náà ló yẹ kó bèèrè méjì: àṣẹ ìtúmọ̀ lọ́wọ́ Kotis àti Hollmann, tí wọ́n jọ ni ọ̀rọ̀ orin, àti àṣẹ àtúntò ohùn lọ́wọ́ Hollmann nìkan, tí ohùn jẹ́ tirẹ̀.